Ìròyìn Yàtọ̀ sí Òye: Ọ̀rọ̀ lórí Iṣẹ́ Ọlọ́pàá

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí ni bí àkọsílẹ̀ àti òye ṣe lè mú kí iṣẹ́ ọlọ́pàá dára sí i. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ èdè ni a ní kí ó wá sọ̀rọ̀ lórí irú nǹkan báyìí. Wọ́n lè béèrè pé kí ni ó pa onímọ̀ èdè àti ọlọ́pàá pọ̀. Bí ẹ bá ní sùúrù díẹ̀, ẹ óò rí i pé nínú ọ̀ràn tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, orí ọ̀rọ̀ èdè gan-an ni àwọn ọlọ́pàá ti ṣìnà, ẹ̀mí ènìyàn sì bá ìṣìnà náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Ìròyìn ni ohunkóhun tí ó bá dé etí ọlọ́pàá tàbí tí ó bọ́ sí i lọ́wọ́: ohun tí ẹni tí a ṣe ní ibi sọ, nọ́ńbà ọkọ̀ tí ẹnìkan rí ní òru, lẹ́tà tí kò ní orúkọ, ipa ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀. Bí a bá kọ ìròyìn sílẹ̀, ó di àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kò tíì di òye. Òye ni ohun tí a rí nígbà tí a bá kó àkọsílẹ̀ jọ, tí a fi ọ̀kan wé èkejì, tí a wádìí ibi tí ó ti wá, tí a sì mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe sí i. Òkúta tí a kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kì í ṣe ilé. Ẹni tí yóò tò ó ni ó kù. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe àìní ìròyìn ni ó ń dá ọlọ́pàá dúró. Àìtò ìròyìn ni, àti àìyẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àpẹẹrẹ tí mo mú wá ti wá, ní agbègbè Yorkshire ní ìhà àríwá ilẹ̀ náà. Láti ọdún 1975 títí di ọdún 1980, ọkùnrin kan ń pa àwọn obìnrin ní òru. Òòlù àti ọ̀bẹ ni ó sábà máa ń lò. Ó ṣe é ní Leeds, ó ṣe é ní Bradford, ó ṣe é ní Huddersfield àti Halifax, ó tún kọjá sí Manchester. Nígbà tí ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ọdún 1981, obìnrin 13 ni wọ́n kà sí i lọ́rùn pé ó pa, wọ́n sì ní ó gbìyànjú láti pa 7 mìíràn. Ìbẹ̀rù gba ìgboro kan. Àwọn obìnrin kò lè dá rìn ní alẹ́ mọ́. Peter Sutcliffe ni orúkọ ọkùnrin náà. Awakọ̀ ẹrù ni, Bradford ni ó ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, kò sì sí ohun kan lára rẹ̀ tí àwọn aládùúgbò fi lè mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́.

Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé àwọn ọlọ́pàá fi ọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n wọ ilé dé ilé, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, wọ́n sì kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Nínú gbogbo ìrìn yìí, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá Sutcliffe fúnra rẹ̀ lẹ́nu wò kí wọ́n tó mú un. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò wọn, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni ọwọ́ wọn sì kàn án nínú àpò náà.

Báwo ni ó ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ẹ wo ọ̀nà mélòó kan tí ìròyìn gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1977, ó pa obìnrin kan ní Manchester. Nínú àpò ọwọ́ obìnrin náà ni a ti rí owó bébà tuntun ti pọ́n-ùn 5. Nọ́ńbà tí ó wà lára owó náà jẹ́ kí báńkì lè sọ pé ó wà lára owó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó fún àwọn ilé iṣẹ́ kan ní agbègbè Bradford àti Shipley láti fi san owó òṣìṣẹ́. Nǹkan bí 8,000 òṣìṣẹ́ ni ó ṣeé ṣe kí owó náà gba ọwọ́ wọn kọjá. Ẹ̀rí tí ó dára ni èyí, nítorí ó sọ gbogbo ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di 8,000. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Sutcliffe ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ní ilé ni òun wà, àwọn ará ilé rẹ̀ sì gbè é lẹ́yìn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì lọ.

Ọ̀nà kejì ni ti ọkọ̀. Láti ọdún 1978, àwọn ọlọ́pàá ń dúró ní àdúgbò àwọn aṣẹ́wó ní alẹ́, wọ́n ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ tí ó bá ń kọjá. Ọkọ̀ tí ó bá fara hàn ní ìlú ju ẹyọ kan lọ, wọn a lọ bá ẹni tí ó ni ín. Ọkọ̀ Sutcliffe fara hàn léraléra. Nítorí èyí ni ọlọ́pàá méjì fi lọ sí ilé rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1979. Ọkàn àwọn méjèèjì kò balẹ̀ lórí ọkùnrin náà. Ìrísí rẹ̀ jọ àwòrán tí àwọn obìnrin tí ó bọ́ lọ́wọ́ apànìyàn ti ṣe àpèjúwe rẹ̀. Wọ́n kọ ìwé pé kí àwọn ọ̀gá tún un yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n àwọn méjì yìí kò mọ̀ pé ọkùnrin kan náà wà lára àwọn 8,000 tí ọ̀ràn owó pọ́n-ùn 5 kàn. Ẹni tí ó mọ ti owó kò mọ ti ọkọ̀. Ẹni tí ó mọ ti ọkọ̀ kò mọ ti owó. Ìwé tí wọ́n kọ sì wọ inú fáìlì.

Ìdí rẹ̀ ni pé orí káàdì ni wọ́n ń kọ gbogbo ìròyìn sí, ní yàrá kan ní àgọ́ ọlọ́pàá Millgarth ní Leeds. Káàdì wà fún orúkọ, káàdì wà fún ọkọ̀, káàdì wà fún àdúgbò. Bébà náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti ki ilẹ̀ yàrá náà láyà kí ó má baà wó. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó parí ní ọjọ́ díẹ̀ ń gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ìròyìn tuntun ń dé, ti àná kò tíì wọlé. Bí ẹnìkan bá fẹ́ mọ ohun tí a ti kọ nípa ènìyàn kan, ó ní láti wá a ní ibi púpọ̀, kò sì sí ìdánilójú pé yóò rí gbogbo rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1980, ọ̀rẹ́ Sutcliffe kan kọ lẹ́tà sí ọlọ́pàá, ó dárúkọ rẹ̀, ó sì sọ ibi tí ó ń gbé. Ní ọjọ́ kejì, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti tún un sọ. Wọ́n kọ ọ́ sára lẹ́tà náà pé kí a tètè mójú tó o. Nígbà tí a fi mú Sutcliffe, inú àtẹ ìwé tí ń dúró de iṣẹ́ ni lẹ́tà náà ṣì wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan onímọ̀ èdè nìyí. Ní oṣù kẹta ọdún 1978, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ọwọ́ ẹnìkan tí ó ní òun ni apànìyàn náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1979, téèpù kan tẹ̀lé e, tí a fi ránṣẹ́ sí George Oldfield, ọ̀gá ọlọ́pàá tí ó ń darí ìwádìí. Ohùn ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀, ó ń fi àwọn ọlọ́pàá ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn kò lè mú òun. Wọ́n gbé ohùn náà sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n tilẹ̀ ya nọ́ńbà tẹlifóònù kan sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni lè pè é kí ó sì gbọ́ ohùn náà.

Wọ́n gbé téèpù náà tọ Stanley Ellis lọ ní Yunifásítì Leeds. Onímọ̀ ẹ̀ka-èdè ni Ellis. Bí ọmọ Yorùbá tí etí rẹ̀ là ṣe lè gbọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀ kí ó sì mọ̀ pé ará Ìjẹ̀ṣà ni ó ń sọ̀rọ̀, pé kì í ṣe ará Ẹ̀gbá, bẹ́ẹ̀ ni Ellis ṣe fi etí sí ohùn náà, tí ó sì tọ́ka sí àdúgbò kan ṣoṣo: Castletown, ní ìlú Sunderland, ní etíkun ìhà àríwá-ìlà-oòrùn. Iṣẹ́ tí ó ṣe pé pérépéré. Ní ọdún 2005, ẹ̀rí láti ara itọ́ tí a fi lẹ àpòòwé lẹ́tà náà tú àṣírí ẹni tí ó ṣe é. Ará Sunderland ni lóòótọ́, ibi tí ó ń gbé ní ìgbà náà kò sì jìnnà sí ibi tí Ellis dárúkọ. Wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 8 ní ọdún 2006. Àwọn baba wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti èyí tilẹ̀ ju ogún ọdún lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ara balẹ̀ wo ohun tí ó wà níbẹ̀. Ìmọ̀ èdè sọ ibi tí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ti wá. Kò sọ pé ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ni ó pànìyàn. Ellis àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Jack Windsor Lewis, rí ìyàtọ̀ yìí, wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́pàá pé ó ṣeé ṣe kí téèpù náà jẹ́ ẹ̀tàn. Wọn kò gbọ́. Àwọn ọ̀gá ní àwọn ohun kan wà nínú lẹ́tà náà tí apànìyàn nìkan ni ó lè mọ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé ìròyìn ti tẹ irú wọn jáde ṣáájú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́pàá káàkiri. Ohun márùn-ún ni wọ́n kọ síbẹ̀ tí a lè fi yọ ènìyàn kúrò nínú àwọn afurasí. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni pé bí ọ̀nà tí ọkùnrin kan ń gbà pe ọ̀rọ̀ kò bá jọ ti àríwá-ìlà-oòrùn, kí a yọ ọ́ kúrò. Ọmọ Yorkshire ni Sutcliffe, ohùn Yorkshire ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Asẹ́ tí wọ́n rà láti fi wá a ni ó ń dà á nù.

Láti ìgbà tí àwọn ọlọ́pàá méjì yẹn ti kọ ìwé wọn ní oṣù keje ọdún 1979, obìnrin mẹ́ta ni Sutcliffe tún pa. Méjì nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ọ̀kan ní Bradford, ọ̀kan ní Leeds. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń wò wá, ẹlẹgbẹ́ yín ni wọ́n.

Asẹ́ mìíràn tún wà tí a kò kọ sínú ìwé kankan. Àwọn ọlọ́pàá ti pinnu lọ́kàn wọn pé àwọn aṣẹ́wó ni apànìyàn yìí ń lépa. Nítorí náà, obìnrin tí ó bá ròyìn pé a kọlu òun, tí kì í sì í ṣe aṣẹ́wó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í wọ inú ìwádìí. Ní ọdún 1975, kí ó tó pa ẹnikẹ́ni, ó fi òòlù lu ọmọdébìnrin ẹni ọdún 14 kan ní Silsden. Ọmọ náà yè é. Ó ti bá a rìn, ó ti bá a sọ̀rọ̀, ojú ara rẹ̀ ni ó fi rí i, àwòrán tí a sì fi àpèjúwe rẹ̀ yà jọ Sutcliffe gidigidi. Wọn kò kà á mọ́ ọ̀ràn náà. Ọdún 1992 ni Sutcliffe tó jẹ́wọ́ rẹ̀. Bákan náà ni àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá ń sọ̀rọ̀ ní gbangba bí ẹni pé ikú àwọn obìnrin kan wúwo ju ti àwọn mìíràn lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, nígbà tí Sutcliffe kú, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá West Yorkshire tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ẹbí nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkórìíra àti ìfojú-tínrín kì í dúró sí ẹnu nìkan. Wọ́n máa ń wọ inú àkọsílẹ̀, nítorí ohun tí a kò kà sí nǹkan, a kì í kọ ọ́ sílẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe wá mú un? Ní alẹ́ ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní ọdún 1981, ní ìlú Sheffield, ọlọ́pàá méjì rí ọkọ̀ kan tí ó dúró sí ibi òkùnkùn. Wọ́n fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àpapọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Èsì dé pé nọ́ńbà náà kì í ṣe ti ọkọ̀ yìí. Wọ́n mú awakọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú wọn rántí pé ọkùnrin náà ti yà sí ibi kan pé òun fẹ́ tọ̀. Ó padà lọ wò ó, ó sì rí òòlù àti ọ̀bẹ níbẹ̀. Ẹ rí i pé ohun méjì ni ó pàdé: àkọsílẹ̀ tí ó wà létòlétò tí a lè rí lójú ẹsẹ̀, àti ọlọ́pàá tí ó ronú padà sí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ọ̀kan nínú wọn kì bá má tó.

Ìjọba ní kí Lawrence Byford yẹ gbogbo ìwádìí náà wò. Ó parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1981, ṣùgbọ́n ọdún 2006 ni aráàlú tó rí ìwé náà kà. Ó dá àwọn ọlọ́pàá lẹ́bi lórí ètò káàdì tí ó ti dàrú àti lórí ìgbàgbọ́ tí wọ́n ní nínú téèpù. Láti inú ẹ̀kọ́ yìí ni ètò kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní HOLMES ti jáde ní ọdún 1985. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so orúkọ, ọkọ̀, àdírẹ́sì àti ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí pọ̀, kí àwọn ọlọ́pàá agbègbè kan lè rí ohun tí ti agbègbè kejì ti rí. Bí irú rẹ̀ bá ti wà ní ọdún 1979, orúkọ tí ó wà nínú ọ̀ràn owó ìbá ti pàdé orúkọ tí ó wà nínú ọ̀ràn ọkọ̀.

Ẹnìkan lè wá sọ pé, ó tán, ẹ ra kọ̀ǹpútà fún àwọn ọlọ́pàá, kí ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ré kọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ní kọ̀ǹpútà, kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ní ọdún 1989, àwọn onímọ̀ kan gbé èsì ìwádìí wọn jáde lórí ìlú Minneapolis. Wọ́n rí i pé nǹkan bí 3 nínú 100 àdírẹ́sì ìlú náà ni ìdajì gbogbo ìpè tí ń dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ti ń wá. Ìyẹn ni pé ìwà ọ̀daràn kì í tàn ká gbogbo ìgboro bákan náà. Ó ní ibùba. Ní ọdún 1994, William Bratton, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá New York, àti Jack Maple, igbákejì rẹ̀, dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní CompStat. Wọ́n ń fi àmì sí orí àwòrán ilẹ̀ níbi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ń pe àwọn ọ̀gá àgọ́ jọ láti wá ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Ní ọdún 1990, ó ju 2,000 ènìyàn lọ tí a pa ní New York. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1996, iye náà kò tó 1,000 mọ́. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ọwọ́ CompStat ti pọ̀ tó nínú rẹ̀, nítorí ìwà ọ̀daràn dínkù ní àwọn ìlú mìíràn pẹ̀lú. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ pé kò dára kí ọlọ́pàá mọ ibi tí iná ti ń jó.

Ibi tí ó ti wọ́ ni pé iye di ọ̀gá. Ọ̀gá àgọ́ tí ó mọ̀ pé a óò bi òun léèrè ìdí tí olè fi pọ̀ lè mú kí olè dínkù ní ìgboro. Ó sì lè mú kí ó dínkù nínú ìwé nìkan. Àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìntì sọ fún àwọn olùwádìí méjì, John Eterno àti Eli Silverman, pé àwọn mọ̀ nípa irú àyípadà bẹ́ẹ̀. Bákan náà, iye ènìyàn tí wọ́n ń dá dúró ní òpópónà láti tú ara wọn wò ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 2011, ó lé ní 685,000. Nínú 10 tí wọ́n dá dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9 tí wọn kò rí ẹ̀sùn kankan kà sí lọ́rùn. Aláwọ̀ dúdú àti àwọn tí ìran wọn ti Látìn Amẹ́ríkà wá ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, Adájọ́ Shira Scheindlin dájọ́ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ta ko òfin ilẹ̀ náà. Wọ́n dín in kù gan-an, ìpànìyàn kò sì tìtorí rẹ̀ pọ̀ sí i ní ọdún tí ó tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé wàyí. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, Òfin Ìṣèjọba Ìdájọ́ Ọ̀daràn ti ọdún 2015 ti la ọ̀nà kan sílẹ̀. Ó ní bí a bá mú ènìyàn, kí a kọ orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, ọjọ́ tí a mú un àti ẹ̀sùn tí a fi kàn án; kí a ya àwòrán rẹ̀, kí a sì gba ìtẹ̀ka rẹ̀. Ó ní kí ibi ìkó-àkọsílẹ̀-jọ kan wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè lábẹ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá, kí ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì máa fi tirẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀. Ẹ kò ní í ṣàì rí i pé ohun tí ó sọnù ní Millgarth gan-an ni òfin yìí ń wá. Ṣùgbọ́n kíkọ òfin yàtọ̀ sí pípa á mọ́, ojoojúmọ́ sì ni a ń pa irú òfin yìí mọ́, ní àgọ́ dé àgọ́, nínú ìwé tí ọlọ́pàá kọ sí lórí tábìlì.

Lórí tábìlì yẹn ni mo ti fẹ́ kí ẹ bá mi dúró, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa, àwa olùkọ́ èdè, ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan wọ àgọ́ ọlọ́pàá láti wá fi ẹjọ́ sùn. Yorùbá ni ó ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì ni ọlọ́pàá ń kọ. Obìnrin náà ní, "Ó sá gba ẹ̀yìnkùlé." Nínú èdè wa, "ó" kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá sì ní láti yan ọ̀kan. Bí ó bá yan ọkùnrin láìbéèrè, ó ti sọ ohun tí ẹlẹ́rìí kò sọ. Obìnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó rán an." Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni, àbí ẹ̀gbọ́n obìnrin? Ọmọ ìyá ni, àbí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá, àbí ẹni tí ó kàn jù ú lọ ní àdúgbò? Ó ní, "Ọkọ̀ dúdú ni wọ́n gbé wá." Dúdú wa lè kó aró mọ́ra, aṣọ tí ó jin dáadáa nínú ìkòkò aró, dúdú ni a ń pè é. Bí a bá wá lọ ń wá ọkọ̀ tí ó dúdú bí èédú, tí ọkọ̀ aláwọ̀ aró sì kọjá níwájú wa, a ti ra asẹ́ Yorkshire nìyẹn.

Nítorí náà ni ó fi dára kí a kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀ ní èdè tí ó fi sọ ọ́, kí a tó túmọ̀ rẹ̀, kí a sì tọ́jú méjèèjì. Òfin kan náà ti ní kí ògbufọ̀ wà fún ẹni tí a mú tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì ka ohun tí a kọ padà sí i létí. Èmi ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó wá fi ẹjọ́ sùn pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ìtumọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ má ṣe rò pé ìwé ìtàn nìkan ni a ń túmọ̀. Òmìnira ènìyàn lè wà lórí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kan ṣoṣo.

Ó ku ohun kan. Gbogbo àkọsílẹ̀ tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu ènìyàn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ẹni tí ó bẹ̀rù ọlọ́pàá kò ní í sọ ohun tí ó rí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa tú jáde sí ìgboro láti fi ẹ̀hónú hàn lórí ìwà ẹ̀ka ọlọ́pàá tí a ń pè ní SARS, títí tí wọ́n fi tú ẹ̀ka náà ká. Ọ̀dọ́ tí ọlọ́pàá ti dá dúró nítorí irun orí rẹ̀ tàbí nítorí tẹlifóònù ọwọ́ rẹ̀, ṣé òun ni yóò lọ sọ ní àgọ́ pé òun rí ọkọ̀ kan ní òru? Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí; ojú ọlọ́pàá sì ni aráàlú. Ẹni tí ó bá fi ìka ro ara rẹ̀ lójú, kọ̀ǹpútà wo ni yóò bá a ríran?

Ẹ̀yin olùwòran wa, mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ pé kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti máa béèrè ohun mẹ́ta lórí ìròyìn gbogbo: ta ni ó sọ ọ́, báwo ni ó ṣe mọ̀, kí sì ni ó kù tí a kò kọ sílẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà yóò di ọlọ́pàá, àwọn kan yóò di agbẹjọ́rò, àwọn kan yóò sì jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà tí yóò máa sọ ẹni tí a ó mú. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹni tí ó gba téèpù kan gbọ́, tí ó pa ìwé ọlọ́pàá méjì tì.